Éésì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fèrèsé Ìyá Àgbà

Bí ẹnìkan bá sọ pé ooru mú lónìí, kì í ṣe oòrùn ni ọkàn mi máa ń lọ sí. Afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ tó ń ti inú àpótí irin kan jáde, tó ń gba fèrèsé wọ yàrá ìyá bàbá mi láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, ní ọdún tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin báyìí, mo sì ti gbé ilé méjì mìíràn lẹ́yìn ilé yẹn. Síbẹ̀, bí mo bá gba ẹ̀yìn ilé onílé kọjá, tí irú àpótí bẹ́ẹ̀ fẹ́ ooru sí mi lára, ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ dúró. Á máa ṣe mí bí ẹni pé àgbàlagbà kan wà lẹ́yìn ògiri tí n kò tíì kí.

Ilé alágbàlá ni ilé wa ní Moshie Zongo, ní Kumasi ilẹ̀ Gánà, yàrá mẹ́sàn-án tó yí àgbàlá kan ká, tí páànù orí rẹ̀ ti pọ́n fún ìpẹtà. Ìgbálẹ̀ màmá mi ló máa ń jí wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó gbọ́ ìkòkò Máàmé Akosua, ayálégbé wa tó ń ta kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn ará Gánà, tí yóò máa fi èdè Twi bá iná jà pé kò tètè ràn. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ Bàbá Alhájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé fi ń mọ̀ pé ó ti kírun tán. Kóókó gbígbóná àti kóósé, ìyẹn ògì àti àkàrà, ni a máa ń jẹ láàárọ̀, lórí ẹní kan náà, ọmọdé méje. Èdè mẹ́ta ló wà nílé náà. Yorùbá ni a fi ń kí àgbà, Haúsá ni a fi ń ra nǹkan lẹ́nu ọ̀nà, Twi ni a fi ń jà. Ìyá Àgbà nìkan ni kì í pa èdè pọ̀. Yorùbá rẹ̀ dúró bí ó ṣe gbé e ti Ọ̀yọ́ wá, ó sì máa ń pè mí ní Àsàkẹ́, orúkọ tí kò sí ẹlòmíràn tó tún fi ń pè mí láyé. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ni ó máa ń jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀. Yàrá náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń sùn.

Iṣẹ́ bàbá mi ni kí ó máa tọ́jú ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní éésì, nínú ilé àwọn olówó Kumasi. Láwàní ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Mástà ni àwọn oníbàárà ń pè é. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, ọwọ́ mi sì kéré, ó ń wọ ibi tí tirẹ̀ kò lè wọ̀. Bí kò bá ti sí ilé-ìwé, èmi ni mo máa ń gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé e wọ trotro, ọkọ̀ akérò, lọ sí Bantama tàbí ibikíbi tí wọ́n bá ti pè é. Ó kọ́ mi láti ṣí ideri ẹ̀rọ láì dá a, láti fa asẹ́ tó ń gba eruku yọ, kí n fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí n sá a sí abẹ́ ibòji, nítorí oòrùn a máa ká a kò. Ó kọ́ mi láti fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá àárín àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn asẹ́, àti láti fẹ́ páìpù tí omi ń gbà jáde, kí omi má baà padà sínú ilé. "Ẹ̀rọ kò ní ẹnu, Mùnírá," ni ó máa ń sọ. "Ìdọ̀tí tí o bá fi sílẹ̀ fún un ló máa bá ẹ wí." Ilé dókítà kan wà ní Bantama tí a máa ń lọ, níbi tí ìyàwó dókítà kì í jẹ́ kí a jókòó lórí àga. A ó jókòó sórí táìlì tútù, bàbá mi á sì rẹ́rìn-ín sí mi pé ibi tó tutù jù lọ nínú ilé ni wọ́n fi wá sí yẹn, wọn kò sì mọ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo rò pé kò sí ohun tí bàbá mi kò lè sọ di ẹ̀rín.

Bàbá Alhájì ló ń bọ́ ilé. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Suame, òun ló ń san owó iná, òun ló tún páànù ṣe, òun ló san owó ilé-ìwé mi ní ọdún tí iṣẹ́ bàbá mi kò lọ dáadáa. Ó sanra, ara rẹ̀ kì í gba ooru, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Nígbà tí ọ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí mò ń wí yìí, ó gbé éésì tuntun wálé, ó ní òun ti làágùn tó láyé òun. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Bàbá mi fọwọ́ pa páálí rẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ tuntun lórí, nítorí kò tíì sí ìkankan tó tọ́jú rí tó jẹ́ ti ilé òun. Àpótí méjì ni irú éésì bẹ́ẹ̀ máa ń ní. Ọ̀kan á wà nínú yàrá, á máa fẹ́ tútù. Ìkejì á wà níta, á máa tú ooru tó fà nínú yàrá náà dànù. Ibi tí wọn yóò gbé ti ìta sí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá Alhájì nawọ́ sí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ti Ìyá Àgbà.

"Ẹ̀gbọ́n," bàbá mi rọra sọ, "bí a bá gbé e síbí, fèrèsé Màámá ni yóò máa fẹ́ ooru náà sí. Ẹ jẹ́ kí a gbé e sí ògiri tó kọjú sí títì."

"Kí àwọn olè wá tú u lọ? Ṣé o gbàgbé ti ará ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni? Páìpù nìkan ni wọ́n bá lára ògiri láàárọ̀."

"A lè fi irin ká a mọ́. Èmi fúnra mi ni màá jó o."

"Láwàní, ta ló ra ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ẹ má jẹ́ kí a fi ooru díẹ̀ ba ohun rere jẹ́." Ó wá yíjú sí ìyá wọn. "Màámá, ṣé yóò dà yín láàmú?"

Ìyá Àgbà kò gbójú sókè kúrò lára tẹ̀súbáà rẹ̀. "Ẹ ṣe é bó bá ṣe tù yín lára. Èmi ti gbó. Kí ló kù lára mi tí ooru fẹ́ jẹ?"

Bàbá mi mú sípánà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gun àkàbà, ó dá ògiri lu, èmi ni mo ń na ìdè, ìyẹn nọ́ọ̀tì irin, sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà ọ̀yẹ́, kò hàn. Òtútù àárọ̀ bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ọ̀yẹ́ lọ, tí òjò kò sì tíì dé, ni a mọ ohun tí a ti ṣe. Láti ìgbà tí Bàbá Alhájì bá ti ti ìsọ̀ dé lẹ́yìn ìrun Àílà ni àpótí náà á ti máa kùn. Bí a bá ṣí fèrèsé Ìyá Àgbà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á rọ́ wọlé bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Bí a bá tì í, yàrá náà á mú pinpin, páànù orí rẹ̀ á sì máa ta ooru tirẹ̀ sílẹ̀. Fáànù kékeré tí a ní kàn ń da ooru kan náà rú ni. Ògiri náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí epo ìpara mi yọ́ nínú ìgò lórí fèrèsé. Ìyá Àgbà á rẹ ìró rẹ̀ sínú omi, á fi bora, kí ó sì tó kírun Alásàrì ìró náà á ti gbẹ táútáú. Máàmé Akosua á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pàtẹ́wọ́, á ní "Ei, Nana, ahuhuro yi dɔɔso", pé ooru yìí pọ̀ jù. Ọjọ́ tí iná bá lọ, tí gbogbo àdúgbò ń pòṣé, Ìyá Àgbà nìkan ló máa ń sọ pé Alihamudulilahi.

Mo sọ fún un nígbà kan pé kí ó jẹ́ kí n lọ bá Bàbá Alhájì. Ó kọ̀. Ó ní ní ọdún tí ìjọba lé àwọn Yorùbá kúrò ní Gánà, tí àwọn aládùúgbò òun ń di ẹrù sórí lọ́rí, òun àti ọkọ òun sá pamọ́ sẹ́yìn àpò iyọ̀ nílé ará Ashanti kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ilé yìí. "Ṣọ́jà kò lé mi kúrò níbí, Àsàkẹ́. Ṣé atẹ́gùn ni yóò wá lé mi?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí tí mo ń rò ó, n kò rí ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ọwọ́ mi ni ìtọ́jú éésì náà wà. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń gbé báàkẹ́ẹ̀tì wọ yàrá Bàbá Alhájì láti fọ asẹ́, nítorí eruku Zongo pọ̀, bàbá mi sì ti sọ pé bí asẹ́ bá di, ẹ̀rọ á máa fipá mí títí yìnyín yóò fi dì sára irin inú rẹ̀, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi jó. Bàbá Alhájì máa ń fún mi ní bísíkíìtì. Kì í lé mi jáde. Èmi náà sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju bí iṣẹ́ náà ṣe gbà lọ. Èyí wà lára ohun tí ó ń dùn mí jù. Mo fẹ́ràn òtútù yẹn. Mo máa ń gbé ojú mi síwájú rẹ̀, màá pajú dé, n kì í sì í ronú ẹnikẹ́ni. Ní Sátidé kan, mo ti ibẹ̀ bọ́ sí yàrá Ìyá Àgbà tààrà. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó fọwọ́ kàn mí lápá, ó sì ṣí ojú. "Ara rẹ tutù," ó ní. Ó fa apá mi, ó gbé e sí ọrùn rẹ̀, ó dì í mú síbẹ̀ títí apá náà fi gbóná bí ara tirẹ̀. Nígbà náà ni ó fi í sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà n kò fọ asẹ́ mọ́. N kò ronú rẹ̀ bí ẹni ń ronú ibi. Mo kàn ń wọlé pẹ̀lú báàkẹ́ẹ̀tì mi, màá ṣí ideri, màá pa á dé, màá nu ara rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù kí ó lè máa dán, màá gba bísíkíìtì mi, màá sì jáde. Bí bàbá mi bá bi mí pé, "O ti ṣe ti Ẹ̀gbọ́n?" màá ní mo ti ṣe é. Kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fọkàn tán mi. Sátidé mẹ́fà ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, ní àsìkò tí òjò kò tíì pa eruku.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Àwọn àna Bàbá Alhájì wá láti Tamale nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, wọ́n ti mọ́ṣáláṣí dé tààrà, wọ́n jókòó sínú yàrá tútù náà pẹ̀lú agbádá wọn. Ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ dẹ́kun tútù. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tó sì ya lé àgbàlagbà kan lórí, ègé yìnyín kan jábọ́ sínú àwo ìrẹsì, òórùn wáyà jíjó sì kún ibẹ̀. Ariwo tí Bàbá Alhájì fi pe bàbá mi, gbogbo àgbàlá jáde. Bàbá mi gun àga. Ó ṣí ideri. Ó fa asẹ́ náà yọ, ó sì nípọn bí aṣọ òtútù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò ó, ó wá wò mí. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ó yí asẹ́ náà sí ara rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà rí i, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó yẹ kí n ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ̀bi rẹ? Ilé àwọn ẹlòmíràn káàkiri Kumasi ni ò ń tọ́jú, tèmi ni o jẹ́ kó jó?" Bàbá Alhájì wo àwọn àna rẹ̀, ó wá wo àgbàlá. "Ìlara ni. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wọlé ni ó ti ń ṣe é. Ó ní kí n gbé e síta kí olè lè gbé e. Nígbà tí n kò gbà, ó dákẹ́ ó ń pa á díẹ̀díẹ̀. Mástà! Mástà kí ni?"

Màmá mi la ẹnu. Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, màmá mi sì pa ẹnu dé. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ níwájú àwọn àlejò, àgbàlagbà tó ní ìyàwó àti ọmọ, aṣọ Jímọ̀ rẹ̀ nínú omi tó kán sílẹ̀. Èmi ní èdè mẹ́ta lẹ́nu. N kò lo ọ̀kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sílé. Àwọn tó ń pè é tẹ́lẹ̀ gbọ́ pé ó ba ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́, ìyàwó dókítà ní Bantama sì ránṣẹ́ pé àwọn ti rí ẹlòmíràn. Kí oṣù tó parí, Bàbá Alhájì ti gbé éésì mìíràn wá, ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí ló wá gbé e kọ́. Ojú ibi kan náà ló gbé e kọ́ sí. Ohun tí mo rí gbà fún Ìyá Àgbà nínú gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdákẹ́jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ tó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń fọ aṣọ ilé-ìwé nígbà tí mo gbọ́ ohùn Máàmé Akosua. "Mommra o! Nana atɔ piti!" Ó ti rí Ìyá Àgbà tó dákú sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kẹ́tùrù àlùwàlá ti dà nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá mi gbé e wọ takisí lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní omi ara rẹ̀ ti gbẹ, ooru ti pọ̀ jù fún ọkàn rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n gbé e padà. Ọjọ́ kan náà ni Àǹtí Sàfú, àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé ní àdúgbò Sawaba, wá dúró ní àárín àgbàlá láì jókòó.

"Mo wá gbé ìyá mi," ó ní.

"Kí ayé lè máa sọ pé mi ò lè tọ́jú ìyá tó bí mi?" Bàbá Alhájì sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa nǹkan yẹn. Bí ẹ bá pa á báyìí, màá yí padà, màá lọ sílé mi."

Gbogbo wa gbọ́ bí ó ṣe ń kùn. Bàbá Alhájì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá mi wo Bàbá Alhájì. Mo ń ka àkókò náà nínú ọkàn mi bí ẹni ń ka rákà, mo sì rò pé Bàbá Alhájì máa pa ẹ̀rọ náà, tòótọ́ ni mo rò ó. Ó ní, "Dókítà ló ní kí n máa wà níbi tó tutù," ó sì wọlé.

Ìyá Àgbà kí gbogbo ilẹ̀kùn kí ó tó lọ. Ó dúró pẹ́ jù lọ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Alhájì, ó sì ṣàdúrà fún un pé Ọlọ́hun yóò jẹ́ kí ó gbádùn ilé rẹ̀. Bàbá Alhájì ṣe Àmín láti inú yàrá. Kí ọ̀yẹ́ tó tún dé, Ìyá Àgbà ti kú sí Sawaba, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti gbé e lọ sin. Níbi fìdáù rẹ̀, àáfà wàásù lórí ìtọ́jú ìyá. Ó ní àpẹẹrẹ ni Bàbá Alhájì jẹ́, nítorí òun ló ra màlúù. Bàbá Alhájì sunkún, ẹkún gidi ni, mo rí i. Bàbá mi jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn tó ń pín omi.

Bàbá mi kò bá mi wí. Kò nà mí, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irinṣẹ́. Ó gbé àpótí náà fúnra rẹ̀. Mo ní, "Bàámi, ẹ ò ní mú mi dání ni?" Ó ní, "Lọ ka ìwé rẹ." Ohun tó sọ náà nìyẹn ní Sátidé kejì, àti ìkẹta, lẹ́yìn náà n kò wọ aṣọ iṣẹ́ mọ́. Títí mo fi lọ sílé ọkọ, ohun tí kò ju ìkíni àti oúnjẹ lọ ni a ń bá ara wa sọ. Mo gbà pé ìyà mi ni. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ mi ni mo fi pa irọ́, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí ènìyàn ń mú dání.

Ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni ó wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé. Ní ọ̀sán kan, mo ń ge èékánná fún un, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ọwọ́ mi, mo bá sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Sátidé àkọ́kọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀," ó ní. "Orí àga níbẹ̀ ni mo ti mọ̀."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi kọ̀ mí sílẹ̀?"

"Èmi ni mo gbé e kọ́ síbẹ̀, Mùnírá. Ìyá mi ni. Sípánà wà lọ́wọ́ mi. Ojoojúmọ́ ni mo lè tú u, n kò tú u, torí pé ẹ̀gbọ́n mi ni ó sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló gbìyànjú rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ẹ, ohun tí mi ò ṣe ni mò ń rí. N kò lè máa gbé ìyẹn kiri nínú trotro."

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Ṣùgbọ́n a jọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo na ìdè sí i, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo parí èékánná tó kù. Wọ́n pe ìrun Alásàrì, ó ní kí n bu omi àlùwàlá wá. Mo bù ú. Oṣù méje ni ó tún lò lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sì sí ẹnìkan nínú àwa méjèèjì tó tún sọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà.